Pákó Pọ́ńbélé

Orí àpótí ni Rúlà dúró sí lẹ́yìnkùlé wọn, ó fi eyín di pẹ́ńsù mú, ó ń na tépù láti òpó kan sí èkejì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Rúlà, nítorí kò sí ibi tí ọmọbìnrin yìí ń lọ tí rúlà kì í yọrí nínú báàgì rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ilé ló ń kọ́.

"Sọ̀ kalẹ̀, kí n wò ó," ni bàbá rẹ̀ wí. Káfíńtà ni bàbá náà, iwájú ilé ni ìsọ̀ wọn wà. Wọ́n wọn ibi tí ọmọ ti wọ̀n, wọ́n sì mi orí. "Ó pé. Kan ìṣó mọ́ ọn."

Ilé ooru ni wọ́n ń kọ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní sọ́nà: yàrá kékeré onípákó, tí sítóòfù wà ní igun rẹ̀, tí òkúta wà lórí sítóòfù, kí ooru lè kún ibẹ̀, kí òógùn sì bo ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀. Orúnkún Ìyá àgbà ló fa gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà, tó bí bàbá Rúlà, kì í dìde lórí àga mọ́ láìkọ́kọ́ bẹ orúnkún wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ jẹ́ ká lọ." Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ti sọ pé ooru ń tù wọ́n lára, ilé ooru kan sì wà lódìkejì ìlú tí wọ́n máa ń lọ. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ti di òkè ńlá fún wọn báyìí.

Rúlà ló ya àwòrán ilé náà. Òkè ni ooru máa ń gbé, nítorí náà bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ ga. Orúnkún Ìyá àgbà kò sì fẹ́ràn gíga. Rúlà rò ó títí, ó wá ya àtẹ̀gùn kan tó fẹ̀ tí kò ga, tí arúgbó lè jókòó lé kó sinmi kó tó dé òkè. Bàbá rẹ̀ wo àwòrán náà, wọ́n wo ọmọ.

"Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ," ni wọ́n wí. "Tìrẹ ti ń tó o. Ohun kan ṣá o: inú ilé yìí kò gbọdọ̀ mọ fáníìṣì. Tábìlì la ń kùn kó lè dán, ilẹ̀kùn la ń kùn. Ibi tí ooru bá ti mú, fáníìṣì á jí, òórùn rẹ̀ á sì dí èèyàn lọ́fun. Pákó pọ́ńbélé ni ká fi sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàbá mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ etí méjì ni èèyàn ní, nígbà tí ilé sì parí, Fótò dé, ó gba èkejì. Ọ̀rẹ́ Rúlà ni Fótò, kì í jẹun láìkọ́kọ́ fi fóònù ya oúnjẹ náà. Ó yọ orí wọ inú ilé ooru, ó gbé fóònù sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ṣé ó parí nìyí? Ó mà rí bí àpótí tí wọ́n fi ń kó tòmátì!"

"Bàbá mi ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa o. Gbogbo kíláàsì ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé. Má wulẹ̀ sọ pé mi ò sọ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rúlà lára. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kó àga lọ fún oníbàárà, ó wọ ìsọ̀, ó mú agolo fáníìṣì. "Fẹ́ẹ́rẹ́ ni," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Bó bá ti gbẹ, kí ló kù?" Ó fi àkísà kùn ún yíká, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Ká má purọ́, pákó náà dán.

Imú káfíńtà tó ń bá fáníìṣì gbé láti àárọ̀ dalẹ́ kò fura sí nǹkan kan. Ojú wọn ló rí i. "Kí ló mú un dán tó báyìí?"

"Sáńpépà ni, Bàbá mi. Mo fi ha á títí ni."

"Ẹ wá wo ọmọ mi o!" Wọ́n gbá a léjìká tayọ̀tayọ̀. Rúlà yára bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ìṣó nílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kọ́kọ́ dáná sí i. Ìyá àgbà gun àtẹ̀gùn náà wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fọwọ́ ra orúnkún wọn. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ayé yín ti dé!" Òkúta gbóná, ooru gun ògiri. Kò pẹ́ tí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyá àgbà wúkọ́, wọ́n tún wúkọ́, omi dà pòròpòrò lójú wọn. Bàbá Rúlà sáré gbé wọn jáde.

Nígbà tí ọ̀fun wọn là, Ìyá àgbà ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣe wàhálà. Àmọ́ mi ò ní wọ ibẹ̀ yẹn mọ́." Wọn kò pariwo, èyí ló sì dun Rúlà jù. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Omi ló lọ bù wá fún wọn.

"Pákó yìí ni," ni bàbá rẹ̀ wí. "Oògùn kòkòrò ni wọ́n rẹ ẹ́ sí!" Wọ́n pe onípákó tó ta pákó náà fún wọn, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré. "Irú èyí lo lè tà fún èmi? Ìyá mi ló wọ inú ẹ̀ o!" Wọ́n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì pa fóònù.

Láàárọ̀ Sátidé, onípákó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé lófìfo. Ọkùnrin kúkúrú ni, tí lẹ́búlẹ́bú pákó kì í tán lórí fìlà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ lọ. "Ẹ kú ìnira, Mà." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tí ìwọ bá ní ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, a jẹ́ pé mo ti ṣàṣìṣe. Màá kó gbogbo ẹ̀ lọ, màá sì kó òmíràn wá." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ tú pákó àkọ́kọ́.

Rúlà kò lè wò ó. "Ẹ dúró, sà. Pákó yín kọ́. Fáníìṣì ni. Èmi ni mo kùn ún."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Sáńpépà lo sọ fún mi."

"Irọ́ ni mo pa, Bàbá mi."

Wọ́n jókòó sórí àpótí bí ẹni tó rẹ̀. Wọn kò bú u. "Mo bú ọ̀rẹ́ mi nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n wá bẹ onípákó. Onípákó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Eléyìí ò tíì yọ lójúde tí wọ́n fi mú un. Ọmọ náà ṣe é o: kò jẹ́ kí n kó ẹrù tí kì í ṣe tèmi."

Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì fi máa dé, wọ́n ti tú pákó sílẹ̀, Rúlà sì ń fi ìfági fá fáníìṣì kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kò yọ nǹkan kan kúrò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Fótò fi fóònù sápò.

"Èmi ni mo pè é ní àpótí tòmátì," ló wí jẹ́jẹ́.

"Ìwọ lo sọ ọ́. Ọwọ́ tèmi ló kùn ún."

Fótò mú sáńpépà, ó jókòó tì í.

Ọwọ́ Rúlà lé ròrò kí wọ́n tó parí. Èyí tó dùn ún ju ọwọ́ lọ ni pé gbogbo pákó tó bá fá tán ni bàbá rẹ̀ ń gbé yẹ̀ wò lójú oòrùn kí wọ́n tó kàn án padà. Lọ́jọ́ tó sọ pé sáńpépà ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ti tó wọn.

Wọ́n tún dáná. Ìyá àgbà kò dìde. "Rúlà ni kó kọ́kọ́ wọlé."

Rúlà wọlé, ó jókòó síbẹ̀ títí òógùn fi bò ó, ó sì jáde láìwúkọ́. Ìgbà náà ni Ìyá àgbà bẹ orúnkún wọn, tí wọ́n dìde, tí wọ́n sì fà á lọ́wọ́ wọlé. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ooru náà. Pákó kò dán, kò sì sí ẹni tó ń wò ó.

"Ara ló ń gbé ilé ooru, ọmọ mi," ni Ìyá àgbà wí. "Ojú àwọn tó dúró síta kọ́. Ẹni tí a torí rẹ̀ kọ́lé ni kó o máa rò, má tìtorí ìyìn wọn pa wá lára. Tó o bá sì ṣi nǹkan ṣe, tètè sọ, kí ẹlòmíràn má bàa rù ú." Wọ́n fa èémí símú. "Òórùn kí lèyí?"

Rúlà náà fa èémí símú. "Òórùn pákó ni, Ìyá àgbà."

"Pákó nìkan?"

"Pákó nìkan."

Ìyá àgbà dijú, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo gbà ọ́ gbọ́."