Maṣíìnì Tí Opó Náà Da Aṣọ Bò

"Maṣíìnì tí opó náà da aṣọ bò dúró fún ikú. Kókó ọ̀rọ̀ ìtàn yìí sì ni àìnírètí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa nìyẹn. Kọ-ọ́-sílẹ̀ ni à ń pè é tí kò bá sí nítòsí. Gbogbo bírò inú kíláàsì ń sáré lórí ìwé, àfi tèmi.

Nínú ìtàn tí à ń kà, télọ̀ kan kú, ìyàwó rẹ̀ da aṣọ funfun bo maṣíìnì rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìlà kan ní ojú ewé kẹtàdínlógójì: ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, opó náà máa ń ṣí aṣọ yẹn, á kán òróró sí maṣíìnì náà, á sì tún da aṣọ bò ó.

Rédíò, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ìgúnpá gún mi. "Kọ ọ́ jàre! Àbí ìwọ lo kú ni?"

Télọ̀ ni ìyá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ó ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, mo bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi máa ń da aṣọ bo maṣíìnì?"

"Kí eruku má baà kó sí i ni. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Bí èèyàn bá da aṣọ bò ó, tó tún ń kán òróró sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé olúwa rẹ̀ ṣì fẹ́ ránṣọ nìyẹn. Èyí tí mi ò bá ní lò mọ́, tà ni n ó tà á. Ó yá, lọ́yà, wá bá mi ká aṣọ yìí."

Ìdánwò abẹ́lé dé. Ẹni tí kò bá gba àádọ́ta máàkì kò ní jókòó fún lítíréṣọ̀ nínú ìdánwò àṣekágbá, ẹ̀kọ́ tí mo sì fẹ́ kà ní yunifásítì kò ṣeé ṣe láìsí i. Ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ni maṣíìnì náà dúró fún? Mo kọ ọ́ pé ìrètí ni. Mo ní ńṣe ni obìnrin náà ń fi aṣọ yẹn pa á mọ́ kí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ má baà gbà á, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ṣe tán láti fi ránṣọ. Mo kọ nọ́ńbà ojú ewé sí i.

Mo gba mẹ́rìnlélógójì.

Kọ-ọ́-sílẹ̀ pè mí sí yàrá àwọn olùkọ́. Ó ti ìwé òfìfo kan sí iwájú mi. "O ní làákàyè, àánú rẹ ń ṣe mí. Tún ìdáhùn yẹn kọ bí mo ṣe pè é, n ó fi máàkì kún tìẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ìwé ìtàn náà. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi ka ìlà yìí."

Kò tilẹ̀ wo ìwé náà. "Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní nóòtì yìí. Ìwọ ni wàá wá tún mi kọ́?"

"Kì í ṣe èmi, sà. Ẹni tó kọ ìtàn ló kọ ọ́ síbẹ̀."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ṣùgbọ́n mi ò mú bírò. Ó fa ìlà pupa la orúkọ mi kọjá nínú orúkọ àwọn tó máa ṣe lítíréṣọ̀.

Màmá bínú. "O ò lè kọ ohun tó fẹ́, kí o sì máa rò tìẹ lọ?" Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n ka ojú ewé náà sí òun létí. Ó gbọ́ ọ tán, ó pòṣé. "Olùkọ́ yín yẹn ò ránṣọ rí."

Bí mo ṣe ń gán bọ́tìnì nìyẹn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣèdánwò lítíréṣọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Rédíò já wọ ṣọ́ọ̀bù tòun ti ẹkún, ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Ìtàn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kà rí ni wọ́n bi wọ́n: bàbá arúgbó kan máa ń fi ọ̀dà tún ilẹ̀kùn rẹ̀ kùn lọ́dọọdún.

"Kí ni ọ̀dà yẹn dúró fún? Kò sí nínú nóòtì!"

"Kí ni ìwọ rò?"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ní ọdún kejì, mo ṣe ìdánwò náà ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, mo sì yege. Ó ti pẹ́ gan-an. Òkun wà láàárín èmi àti ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí, Màmá kò sì sí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé lọ́wọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ yín, ẹ gbọ́ àlàyé rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ara yín ni kí ẹ fi ka ìtàn. Ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń ṣe sí nǹkan kí ẹ tó sọ ohun tí nǹkan náà dúró fún. Bí èrò yín bá yàtọ̀, ẹ fi ìka lé ìlà tó gbè é lẹ́yìn, kí ẹ má sì yẹsẹ̀. Ọdún kan gbáko ni ó gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.