Okùn Dúdú Ọrùn Khauhelo

Ẹ̀yin òbí, ta ni nínú wa tí kò fọwọ́ síwèé tí kò kà rí? Ẹ má purọ́ o. Ọmọ á mú ìwé dé láti ilé ìwé, ọbẹ̀ wà lórí iná, a ó ní, "Gbé bírò wá," ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 'Makhauhelo, ìyá Khauhelo, ṣe níbẹ̀rẹ̀ ọdún ní Ha Sekhele, lórí òkè Lesotho. Ìwé òfin ilé ìwé ló fọwọ́ sí.

Nínú oṣù kẹwàá, ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń ro pápà, oúnjẹ àgbàdo wọn, lọ́wọ́ nígbà tí Khauhelo wọlé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì.

"Kí ló dé? Àbí ara rẹ ò yá ni?"

"Ọ̀gá ilé ìwé lé mi, Mà. Wọ́n ní mo rú òfin, pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ sí lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní tí okùn yìí bá ṣì wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ Ajé, mi ò ní wọ yàrá ìdánwò."

Ìdánwò àṣejáde ni o! Ọdún márùn-ún gbáko ni ọmọ yìí fi ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìdánwò yẹn. Orí ìyá rẹ̀ fò lọ.

Kí sì ni okùn ọ̀hún? Òwú dúdú lásán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n sin bàbá Khauhelo. Wọ́n fá orí ọmọ náà, wọ́n so okùn ọ̀fọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni ló sì lè já a. Arákùnrin ìyá rẹ̀ nìkan ló ń já a, lọ́jọ́ tí ẹbí bá dá, ọjọ́ náà sì ṣì ku oṣù kan. Bí wọ́n bá já a ṣáájú ọjọ́, wọ́n ní ìbànújẹ́ á tún padà wá kanlẹ̀kùn.

"Já kí ni?" Ìyá àgbà 'Maletlatsa, ìyá ọkọ 'Makhauhelo, ti dìde lórí àpótí. "Kí ọ̀gá yẹn wá já a fúnra rẹ̀, kí n wo ọwọ́ tó máa fi jẹun lọ́la!"

"Ẹ rọra, Mà. Ẹ jẹ́ ká bò ó," ni 'Makhauhelo wí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ rèé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wé sìkáàfù mọ́ ọmọ lọ́rùn, ó ní kó gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé. Ibi tí ọ̀gá ilé ìwé, Ntate Ramakatsa ("Ntate" ni bàbá lédè wọn), dúró sí gan-an nìyẹn. Wọ́n tú sìkáàfù, wọ́n rí okùn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ti di méjì: rírú òfin àti ẹ̀tàn. Khauhelo tún padà sílé, ó ń sunkún kíkorò.

Ọpẹ́ ni pé 'Maseabata wá dá asẹ́ tó yá padà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Aládùúgbò wọn ni, ó sì ti ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ìwé òfin ọ̀hún dà?"

Ìyá àti ọmọ wojú ara wọn. Khauhelo lọ síbi pẹpẹ àwo, ó gbé àwọn àwo kúrò, ó sì fa bébà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ wọn jáde. Òróró ti rin ín, eku ti jẹ etí kan.

'Maseabata wo ìyá ọmọ láti òkè délẹ̀. "Ṣé o kà á kó o tó fọwọ́ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọbẹ̀ wà lórí iná lọ́jọ́ yẹn."

"Ọbẹ̀ ti jinná o. Ìwọ lò ń jóná báyìí."

Ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó ṣí ìwé òfin náà dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "Òbí tó bá ní ìdí pàtàkì, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀sìn, ti àṣà tàbí ti àìsàn, lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. A kò gbọdọ̀ lé ọmọ náà jáde títí wọn yóò fi gbọ́ ọ."

"Háà!" ni 'Makhauhelo ké. "Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Abẹ́ àwo lo fi í pa mọ́ sí. Gbé bírò wá. Lọ́tẹ̀ yìí, jọ̀ọ́, ka ohun tá a bá kọ."

Wọ́n kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. 'Maseabata mú un lọ sílé ìwé, ó ní kí akọ̀wé wọn fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, kó kọ ọjọ́ sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé: kí ìyá ọmọ wá bá ìgbìmọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

"Èèwọ̀!" ni Ìyá àgbà wí. "Opó ni. Opó kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ títí yóò fi bọ́ aṣọ dúdú. Òfin ni òfin."

'Maseabata bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé lẹ sọ yẹn o! Òun náà ní òfin ni òfin."

Ìyá àgbà fẹ́ bínú, ó wá padà jókòó sórí àpótí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí nìdí tí àwọn àgbà fi ṣe òfin opó?" ni 'Maseabata tún bi í.

"Kó lè sinmi. Kí ayé má yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ṣé wọ́n ṣe é kí ọmọ òkú pàdánù ìdánwò ni?"

Ìyá àgbà wo Khauhelo tó káwọ́ lérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ojú bàbá rẹ̀ ló sì jọ. Ó fa kúbùsù rẹ̀ mọ́ra. "Ó tó. Lọ́la, èmi ni màá ṣáájú ìyàwó mi wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ opó, kó wá bá mi sọ ọ́."

Àwọn márùn-ún, Ntate Ramakatsa náà wà lára wọn, ló jókòó lórí ìjókòó ìgbìmọ̀. Alága wọn ni Ntate Lekhooa, bàbá onísùúrù kan tó ń sin àgùntàn. Àwọn òbí sì kún ẹ̀yìn, nítorí ọ̀rọ̀ ti ta sétí ìlú.

Ntate Ramakatsa sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìdí wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n góòlù la fi ń mọ ọmọ olówó níbí. Àwọn ọmọ jà, orí fọ́, la fi ṣòfin yìí. Tí mo bá yọ̀ǹda fún ẹnì kan, gbogbo wọn ni yóò wọ̀ ọ́."

'Makhauhelo dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ó kàn ń bá a lọ ni.

"Mo kí yín o, ẹ̀yin bàbá. Òfin yẹn dáa, mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣe é kí olówó má fi ọrọ̀ yan tálákà jẹ. Èwo ni ọrọ̀ nínú òwú yìí? Ikú bàbá ni ọmọ mi wọ̀ sọ́rùn. Ta ló máa jowú rẹ̀?"

Ó wá wo alága.

"Bàbá alága, ẹ má bínú sí mi. Aṣọ dúdú tí ẹ gán mọ́ apá ẹ̀wù yín ńkọ́? Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti kú lẹ ti ń wọ̀ ọ́ wá sípàdé. Ta ló lé yín jáde rí?"

Gbogbo yàrá wo apá alága. Alága fúnra rẹ̀ wo apá ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ò rí i rí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni ilé bá pariwo yèè! Ìyá àgbà ló sì pariwo jù.

"Obìnrin yìí ti bá mi wí," ni Ntate Lekhooa sọ nígbà tí ariwo rọlẹ̀, "ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tó gba àgbà láyè, tó wá ń lé ọmọdé jáde, wíwọ́ ni. Ta ló fara mọ́ ọn kí ọmọ yìí padà?"

Ọwọ́ mẹ́rin lọ sókè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ karùn-ún, ti Ntate Ramakatsa, tẹ̀ lé wọn.

"Èmi gan-an ni mo tẹ ojú ìwé tó kẹ́yìn yẹn," ló sọ, ó ń fọwọ́ nu ojú. "Mo gbàgbé rẹ̀ pátá. Khauhelo, má bínú." Ó fa bírò yọ níwájú gbogbo wọn, ó fi kún òfin náà: àyàfi àmì ọ̀fọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Khauhelo wọ yàrá ìdánwò pẹ̀lú okùn rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn obìnrin Ha Sekhele sìn ín dé ẹnu géètì, wọ́n ń ké ìké ayọ̀ títí olùdánwò fi yọjú lójú fèrèsé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ ráyè ronú. Nígbà tí èsì jáde, Khauhelo yege nínú gbogbo rẹ̀! Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, kò sí àwùjọ tó lè wà láìsí òfin, yálà ti ilé ìwé ni tàbí èyí tí àwọn baba ńlá wa fi lélẹ̀. Ẹ má ṣe rú u níkọ̀kọ̀, ìyẹn kì í tún nǹkan ṣe. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tó bá ń pa ẹni tí kò ṣẹ̀ lára, ẹ kọ̀wé, ẹ mú ẹ̀dà kan pa mọ́, kẹ́ ẹ lọ síwájú àwọn tó ṣe é. Òfin ilé tiwa náà ńkọ́? Kí àwa náà máa bi í léèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá lé ọmọ rẹ wálé lọ́la, má jẹ́ kó jókòó sẹ́bàá ògiri. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ jọ padà lọ.