Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Níwájú Àpótí

Akàlú, ẹ̀rọ tí ń ka ìlú, kò gba fọ́tò lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa èèyàn la bà á jẹ́: ọlọ́mọ mẹ́ta á fi ẹ̀rọ ya mẹ́rìndínlógún, kí ìjọba lè fún un ní ilé ńlá ní Òkè-Tuntun, níbi tí òkun kò lè dé. Akàlú wá ní awo dígí tí wọ́n fi iyọ̀ fàdákà pa lára, tí wọ́n fi àpótí ìyàwòrán onígi ayé àtijọ́ yà, nìkan ni òun yóò wò. Iye èèyàn tó bá rí lórí rẹ̀ ni yóò kọ́lé fún. Kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ẹ̀ ni Múyìdé, ọmọ Etí-Òkun tó kàwé ní pólì, ṣe gbé àpótí dé àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú awo dígí kan ṣoṣo. Òkun ti mu ilé ìwé, ó ti mu ibojì. Ó ku irínwó èèyàn.

Iyọ̀ náà ti gbó, nítorí náà àpótí ní láti lajú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Màmá Orímisàn, àgbà àdúgbò, ní nígbà tí wọ́n ń ya bàbá òun àgbà, gbagidi ló dúró. Ó ní kí gbogbo ilé ṣe bẹ́ẹ̀.

Múyìdé rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀rọ á rò pé òkú ni wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn, kó lè rí i pé a wà láàyè.”

“Ìwọ lo lọ sí pólì.” Màmá gbé àga síta, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó ranjú mọ́ àpótí. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àpótí fi lajú, àwọn yòókù ń yan ẹja, wọ́n ń fa ọkọ̀ gòkè, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

Lójú akọ̀wé tí ìjọba rán wá ni dígí ti jáde nínú omi oògùn. Akàlú sì ti kà á kó tó gbẹ. Lórí dígí náà, títì mọ́ bí ẹni gbá a. Ẹja wà lórí ààrò, kò lólúwa. Ohun tí kò bá dúró, dígí kì í mọ̀ pé ó kọjá. Màmá Orímisàn nìkan ló jókòó síbẹ̀, tó ń wo Múyìdé.

Akàlú fèsì: Etí-Òkun, èèyàn kan. Yàrá kan.

Akọ̀wé bá wọn kẹ́dùn, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, ó fò lọ.

Kò sẹ́ni tó bú Múyìdé. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Màmá ní òun kò lọ. “Ta ni n óò máa kí láàárọ̀?” Ó ní kí wọ́n wá tò sẹ́yìn àga òun. “Yà wá, ọmọ mi.”

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àpótí ṣófo. Múyìdé wọ abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú mẹ́ta. Irínwó èèyàn, ọmọ ọwọ́ pàápàá kò mira. Omi ti dé kókósẹ̀ àwọn tó wà níwájú.