Òdòdó Ìdí Àpáta

"Fọ̀ ọ́ dáadáa," ni ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin kan wí fún un. "Ẹni tó ń lọ síwájú adájọ́ kì í gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lọ."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n wà, nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ ìdí òdòdó kan títí tó fi mọ́ bí ata ilẹ̀ tí wọ́n bó. Òdòdó igbó ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ a máa gun orí igi, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni òun ń gbé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, òdòdó elésè-àlùkò á sì tò lé e lórí. Ọ̀la ni ìpàtẹ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé-ìwé wọn. Ẹni tó bá mú ewéko tó ṣọ̀wọ́n jù wá ni yóò gba ipò kìíní.

"Bí Bàbá àgbà bá gbọ́ ńkọ́?" ni ó béèrè.

"Ta ni yóò sọ fún wọn? Ṣé orúnkún wọn ni yóò gbé wọn débẹ̀?" Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ yìí, nítorí kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò.

Aṣọ́gbó ni bàbá àgbà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ló rí òdòdó náà ní ìdí àpáta kan. Láti ọjọ́ náà, bí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò lọ ka iye igi tó yọ, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé náà. Nígbà tí orúnkún kọ̀ fún un, ọmọbìnrin náà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni ó ń rán. "Ẹsẹ̀ mi" ni ó máa ń pè é.

Igi mẹ́rin ló yọ lọ́dún yìí. Ẹyọ kan ni ọmọbìnrin náà fẹ́ wú, ṣùgbọ́n ìdí wọn di ara wọn mú bí ọmọ ìyá. Ọkọ́ kó gbogbo wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, òdòdó náà ti sorí kọ́ nínú ìkòkò tuntun. Olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ dé ìdí tábìlì rẹ̀, ó gbé e yẹ̀ wò.

"Ta ló fọ gbòǹgbò rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Òdòdó yìí kì í dá jẹun, ọmọ mi. Àwọn òwú funfun tín-ín-rín kan wà nínú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ìbátan olú tí à ń jẹ ni wọ́n. Àwọn ló ń bá a wá oúnjẹ. O ti fọ alágbàtọ́ rẹ̀ dà nù."

Ọmọbìnrin náà wo Agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò yára gbé ìkòkò náà kúrò lórí tábìlì. Ìgbà tí wọ́n ń gbé e lọ sílé ló tó sọ pé: "Sọ fún Bàbá àgbà pé mẹ́rin ló yọ. Ṣebí mẹ́rin náà ló yọ? Kì í ṣe irọ́."

Bàbá àgbà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé lórí itan, kálámù lọ́wọ́.

"Ẹsẹ̀ mi, mélòó ló yọ?"

"Mẹ́rin, Bàbá."

Inú bàbá dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, ó ń rọra fa ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ń ki òdòdó náà. Ọmọbìnrin náà kò lè wò ó mọ́.

"Ẹ dúró ná, Bàbá. Mo ti wú wọn."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn." Omi ti kún ojú rẹ̀.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. "Mo rò pé èmi ni n óò kú ṣáájú òdòdó náà," ni ó wí.

Ó wá ti ìwé náà síwájú ọmọ. "Kọ ọ́ fúnra rẹ. N kò kọ irọ́ sínú rẹ̀ rí."

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́: *Mẹ́rin ló yọ. Èmi ni mo wú wọn.* Bàbá kà á, ó fi ọwọ́ lé e lórí. "Gbé ìdí òdòdó náà wá." Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kiri. "Ibì kan ṣì le níhìn-ín. Dá a padà sí ojú ihò rẹ̀ gan-an, kí o fi ilẹ̀ ibẹ̀ bò ó."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lọ wò ó. Ilẹ̀ lásán ni ó ń bá. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sáré wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Mélòó?" ni bàbá béèrè.

"Kò sí òdòdó, Bàbá. Ewé kan ṣoṣo ni, ó ká bí ẹní."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Kọ ọ́ sílẹ̀, Ẹsẹ̀ mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun rere tí a fi ipá wú kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ rẹ̀ kíákíá, nígbà tí ibì kan ṣì le nínú gbòǹgbò.