Agbolé Kọ́ Ni Wọ́n Bi Yín, Ibi Tí Ẹ Ń Sùn Ni

Rachel wá kí ìyá rẹ̀ nílé Japheth ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí ìyá ń gbé, ní ìsàlẹ̀ Bẹyẹrúnkà. Òun àti Japheth jókòó létí títì, níbi tí ojú kò ti tó ilé náà, nígbà tí Tíṣà Louisa, tó ń bá ìjọba ka iye ilé, gbé ìwé dé.

"Bọ̀dá, níbo nilé yín wà?"

"Agbolé Afọ́nrere, lókè Mápó!" Japheth dáhùn.

"Agbolé kọ́, sà. Ibi tí ẹ ń sùn."

"Tíṣà, odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ló ń gbẹ. Àbí ẹ fẹ́ kọ mí mọ́ etí odò bí ọ̀pọ̀lọ́?"

Rachel rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó kúkú mọ̀ pé orí pàǹtírí tí wọ́n fi dí etí odò ni ilé alámọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lé.

Louisa kò rẹ́rìn-ín. "Bí ilẹ̀ bá mì, ilé orí àpáta lè gbọ̀n lásán, kí irú rẹ̀ kan náà tó wà lórí ilẹ̀ rírọ̀ wó. Ìwé yìí ni wọ́n á fi ṣírò iye ilé tó lè wó, àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ á kọ́kọ́ lọ."

"Ilẹ̀ mì? N'Íbàdàn? Ẹ kọ Afọ́nrere jàre!"

Ó kọ ọ́. Gbogbo ọmọ agbolé tó ń gbé etí odò ló dáhùn bákan náà.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Sátidé, ilẹ̀ mì. Lókè Mápó, níbi tí Rachel ń gbé, àwo kan ló fọ́. Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ gbé ṣọ́bìrì dé agbolé, wọn kò rí ẹni tó fara pa.

Rachel di aṣọ olórí wọn mú. "Ìsàlẹ̀ lẹ̀ bá lọ! Ìyá mi wà nísàlẹ̀!"

"Màdáàmù, gbogbo ilé Afọ́nrere, òkè níbí nìwé kọ ọ́ sí. Ìwé ò tiẹ̀ ka ilé kankan sétí odò."

Kí wọ́n tó gba ọ̀nà tóóró sọ̀ kalẹ̀, ilé mẹ́rin ti wó, ọwọ́ lásán làwọn aládùúgbò fi ń wú erùpẹ̀. Wọ́n fa Japheth jáde, apá rẹ̀ ti kán. Ara ìyá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí wọ́n gbé e síta, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́.

"Rachel," Japheth sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "o wà níbẹ̀. Èé ṣe tí o kò já mi nírọ́?"

Rachel ń nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lójú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, agbolé yín kò ní sọnù bí ẹ bá sọ ibi tí ẹ ń gbé gan-an. Bí ẹni tó ń ka ilé bá dé, ẹ mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé tí ẹ ń sùn. Ẹ sọ bóyá àpáta ni tàbí ilẹ̀ tí a dí. Bí ará ilé yín bá ṣì í sọ, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Olúwa mọ ibi tí olúkúlùkù wa ń sùn. Ẹni tó gbé ṣọ́bìrì dání kò mọ̀, àfi bí a bá sọ fún un.