Ẹ̀rù Bà Á, Síbẹ̀ Ó Wọ Odò

"Ẹkúndayọ̀ ojo! Odò ń bi ọ́ o, ó ní ìgbà wo lo máa bọ̀!"

Èṣùbíyìí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ látinú omi. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Ẹkúndayọ̀ wà létí odò. Ó ń di ẹrù rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà reluwé gba Ẹdẹ kọjá, wọ́n sì ń wá ọ̀dọ́ tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ń lọ. Kí ni yóò tún dúró ṣe? Iṣẹ́ ìdílé wọn ni láti máa fi igbá ńlá gbé èèyàn sọdá Ọ̀ṣun. Èrò á dì mọ́ igbá níhìn-ín, ẹni tó ń gbé e á di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́hùn-ún, á sì máa fi ẹsẹ̀ wa omi. Ẹkúndayọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa o. Àmọ́ bó bá ti wọ odò, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì. Ó ti gbà pé òun ò wúlò fún nǹkan kan láyé.

Bó ṣe fẹ́ gbéra ni Àwáwù oníyọ̀ sáré dé, gèlè lọ́wọ́.

"Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ń rọbí lódìkejì odò, lọ́nà Ara. Oyún àkọ́bí ni. Kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀!"

"Ẹ wá di igbá mi mú, ìyá," ni Èṣùbíyìí wí. "Bí ẹ bá rì, ẹja á yó!"

Àwáwù fà sẹ́yìn. Odò ti kún, ó ń ru. "Mi ò bá ọ lọ. Ìwọ tí ẹ̀rù ò bà, o ò ní mọ ìgbà tí jìnnìjìnnì bá mú mi." Ó yíjú sí Ẹkúndayọ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá."

"Ta ló bi ọ́ ní ti ẹ̀rù? Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?"

Ẹni tó ń kó òṣìṣẹ́ reluwé ké láti ojú ọ̀nà pé, "A ti ń lọ o! A ò ní dúró de ẹnikẹ́ni!"

Ẹkúndayọ̀ wo ọ̀nà. Ó wo obìnrin náà. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Láàárín odò, igbá yí bìrí. Àwáwù figbe ta.

"Ẹ má wo omi, ìyá. Ojú mi ni kí ẹ máa wò."

"Ètè rẹ ń gbọ̀n!"

"Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ẹ dì í mú. Kí lẹ máa pe ọmọ náà?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ná!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí pé ẹ̀rù ń ba Ẹkúndayọ̀, ó ń ṣọ́ odò. Ó tètè rí ìtì igi tí àgbàrá ń gbé bọ̀, ó sì yà fún un. Wọ́n gúnlẹ̀.

Nígbà tó padà, àwọn ará reluwé ti lọ. Ó jókòó sétí odò, kò mọ ohun tí yóò ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Àwáwù yọ ní òdìkejì, ó ń jó. "Ìyá yè, ọmọ yè!"

"Ẹ kú ewu ọmọ o!" ni gbogbo wọn dáhùn.

"Ẹkúndayọ̀ ni kí ẹ kí! Ẹkúndayọ̀, o kú ewu!"

Kò sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ta ni yóò kí ẹni tí kò rí ewu kú ewu?

Látọjọ́ náà, àwọn arúgbó, abiyamọ, àti ẹni tí kò wọ odò rí, òun ni wọ́n ń béèrè. Ó sì ń dúpẹ́ pé òun ò bá àwọn ará reluwé lọ. Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tètè ju ara yín nù. Ohun tó ń tì yín lójú lè jẹ́ ohun tí Ẹlẹ́dàá fẹ́ fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó sì lọ, òun ló mọ bí a ṣe ń di ọwọ́ ẹlẹ́gbẹ́ ẹni mú.