Àwòrán Kejì

Ìró ọlọ ni. Kùrù, kùrù, kùrù, lẹ́yìn tí àwọn àgbà bá ti kírun Àsùbáà tán. Hàkímù á wà lórí ẹní, ọmọ ọdún márùn-ún, á máa gbọ́ bí ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Rùkáyàt, ṣe ń lọ ata lẹ́yìnkùlé ní Ìgbò-Ọrà. Bí ọlọ ṣe ń dún ni ìtàn ń jáde lẹ́nu màmá: irú èèyàn tí bàbá òun, Kẹ́hìndé Sàlámì, jẹ́, bó ṣe máa ń gbé òun sí èjìká lọ sóko. Hàkímù ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti gbọ́ ìró ọlọ náà mọ́, ó sì mọ̀ pé òun lòun fà á.

Ilé-ìwé lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyídé, olùkọ́ wọn, ní kí gbogbo wọn lọ kọ ìtàn agboolé wọn. Ó pín pátákó sí mẹ́ta.

"Apá kìíní, ohun tí ẹ gbọ́. Apá kejì, ẹni tó sọ ọ́. Apá kẹta, ṣé ojú rẹ̀ ló ṣe, àbí wọ́n sọ fún un ni? Bó bá jẹ́ ìwé lẹ rí, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, títí dórí ọjọ́ orí. Ẹni tó bá fo apá kẹta, àlọ́ ló pa fún mi. Ìtàn tó bá dára jù la ó kà létí àwọn òbí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan ló wọ Hàkímù létí.

Ó mú ìwé, ó jókòó ti màmá. "Ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, 1955, ni mo wọ prámárì wáàn," ni màmá wí. "Ọwọ́ mi ti kan etí dáadáa. Ìgbà tí mo wà ní prámárì fọ́ọ̀ ni bàbá mi lọ sí Tápà, ìlú tí kò jìnnà sí wa níbí. Oṣù mẹ́fà ni kò fi sí nílé. Ohun tó lọ ṣe, wọn kì í sọ ọ́ fún ọmọdé."

Hàkímù kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Malachi ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: ìwé ẹjọ́ àtijọ́ kan, iwájú àti ẹ̀yìn, tó rí nínú àpótí bàbá àgbà rẹ̀ tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí. Hàkímù ṣí ti àkọ́kọ́. Ọdún 1958. Kẹ́hìndé ọmọ Sàlámì, ará Ìgbò-Ọrà, dáná sun àká iṣu ní Tápà. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Tápà! Oṣù mẹ́fà! Dátà rẹ̀ ti fẹ́ tán, kò ṣí àwòrán kejì. Ó kọ̀wé lọ ràì bí ẹni tó wà níbẹ̀: bí iná ṣe ń jó, bí bàbá ìyá àgbà òun ṣe dorí kodò níwájú adájọ́. Apá kẹta, ó fò ó.

Ọjọ́ àwọn òbí pé kí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyídé tó yẹ apá kẹta wò; ìtàn Hàkímù ni wọ́n kà, àwọn òbí sì pàtẹ́wọ́ títí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún gbé e sórí Wásáàpù agboolé wọn.

Ní kíláàsì, Peculiar tó máa ń jókòó tì í kó ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Hàkímù, jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ bóyá ìṣáná wà lápò ẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday, níbi àsàlátù àwọn ìyá, obìnrin kan wo màmá tòkè-tilẹ̀. "Àṣé ọmọ ẹlẹ́wọ̀n là ń bá jókòó látọjọ́ yìí." Màmá ká ẹní rẹ̀, ó wálé. Kò pariwo, oríkì Hàkímù ló fi pè é.

"Àkànní, nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ, ibo ni mo ti ní bàbá mi dáná sun nǹkan?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Inú ìwé ni mo ti rí i."

"Ìwé náà mọ bàbá mi?"

Lọ́jọ́ kejì, màmá da ojú ọlọ dé, ó gbé e ti ògiri. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé ata lọ látìgbà náà.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyídé pè é. "Apá kẹta dà?"

"Mo fò ó, sà."

"Kẹ́hìndé mélòó ló wà nílùú yìí, níbi tí agboolé tí kò bí ìbejì ti ṣọ̀wọ́n? Sàlámì ńkọ́? Gbé ìwé yẹn wá kí n rí i."

Níwájú olùkọ́ ni Hàkímù ti ṣí àwòrán kejì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: ọmọ ọdún méjìlélógún, àpọ́n.

"Lọ́dún yẹn, kíláàsì wo ni màmá ẹ wà?"

"Prámárì fọ́ọ̀, sà." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni etí rẹ̀ gbóná. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá. Àpọ́n ọmọ ọdún méjìlélógún wo ló lè bí i? Nínú ìwé òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí náà wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Màmá ní, "Èmi ti dárí jì ọ́. Àwọn tó ti kà á ńkọ́?"

Ó kọ àtúnṣe, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ, ó tún pa á rẹ́. Wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di Sunday yìí, tó rí màmá tó wẹ̀, tó wọ híjáàbù funfun àsàlátù, tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó wojú ọ̀nà, tó sì rọra bọ́ híjáàbù náà. Hàkímù mú fóònù rẹ̀. Kò pa á rẹ́ mọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí mi. Èmi Hàkímù ọmọ Rùkáyàt ni. Irọ́ ni mo kọ nípa bàbá wa Kẹ́hìndé Sàlámì. Kẹ́hìndé mìíràn ni ìwé ẹjọ́ náà ń sọ. Àpọ́n ọmọ ọdún méjìlélógún lonítọ̀hún. Màmá Rùkáyàt sì ti wà ní prámárì fọ́ọ̀ lọ́dún náà. Àwòrán méjèèjì nìyí, ẹ wò ó fúnra yín. Ohun tí bàbá wa lọ ṣe ní Tápà, mi ò mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo wá kó ẹ̀gàn bá òkú tí kò lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹni tí ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ dákun, ẹ̀yin ìyá alásàlátù, ẹ wá mú màmá mi dání lọ síbi àsàlátù."